Ẹ Ń Polówó Odò Tí Ẹ Ò Lè Bu Mu

1/
Ẹ jókòó o, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Tó bá ti di oṣù kẹjọ ọdún, gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì wa á kún fún Ọ̀ṣun Òṣogbo. Aṣọ funfun, ìlù, Arugbá, drone lókè igbó. Gbogbo wa á máa kọ ọ́ pé "àṣà wa rẹwà." Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ní ohun kan láti sọ kí oṣù kẹjọ mìíràn tó dé.

2/
Ohun náà rèé: èyí tí à ń pè ní ètò ìrìn-àjò afẹ́ nílẹ̀ wa, ètò ayẹyẹ lásán ni. Kánópì, àga, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, onígbọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ká kánópì, ètò parí nìyẹn. Odò tí gbogbo èèyàn tìtorí ẹ̀ wá ò sí nínú ètò yẹn rárá.

3/
Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lọ́wọ́ wa ná. Igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Ní 2005, UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ní gbogbo Nàìjíríà, méjì péré la ní nínú ìwé yẹn: Sukur ní Adamawa, tó wọlé ní 1999, àti tiwa yìí. Méjì o! Nínú orílẹ̀-èdè tó tóbi tó báyìí.

4/
Kò sì dédé wọbẹ̀. Nígbà kan, wọ́n ń gé igi igbó náà, wọ́n ń dọdẹ nínú ẹ̀, àwọn ojúbọ ibẹ̀ ń wó lọ. Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí wọ́n wá ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ò dúró de àpérò kankan. Òun àtàwọn bíríkìlà àti agbẹ́gilére ìlú, àwọn bíi Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálí Àkàngbé, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

5/
Wọ́n tún ojúbọ ṣe. Wọ́n mọ ère ńláńlá sáàárín igi, kí ẹni tó bá fẹ́ gbé àáké wọbẹ̀ lè mọ̀ pé ilé onílé ni. Ní 1965, ìjọba sọ igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992, wọ́n fẹ ààlà ẹ̀ títí ó fi kan gbogbo hẹ́kítà 75. Kí UNESCO tó dé, iṣẹ́ ti ń lọ fún ogójì ọdún.

6/
Ìyẹn gan-an ni mò ń pè ní ètò. Èèyàn mélòó kan tó mọ ohun tí wọ́n ń dáàbò bò, tó mọ ohun tó ń bà á jẹ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ lójoojúmọ́, ọdún dé, ọdún ò dé.

7/
Ó yá, ẹ tẹ̀lé mi lọ sí òkè odò. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Ó wọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn odò tó ń ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà bọ̀ ń ṣàn wọ inú ẹ̀, ó gba Òṣogbo kọjá, ó sì ń lọ títí ó fi já sí ọ̀sà lápá Èkó. Igbó tí à ń ya fọ́tò ẹ̀ yẹn, ibì kan péré ni lójú ọ̀nà odò yìí.

8/
Wúrà wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wà á ni ò ní ìwé àṣẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ etí odò, wọ́n á fi omi fọ iyẹ̀pẹ̀ kí wúrà lè ṣẹ́kù, ẹrẹ̀ yòókù á padà sínú omi. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi mercury kó wúrà jọ, májèlé pọ́ńbélé nìyẹn, òun náà ń bá omi lọ. Ìdí nìyẹn tí odò fi pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.

9/
Ní 2022, lásìkò ọdún Ọ̀ṣun, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra wọn kìlọ̀ fáwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún pé kí wọ́n má mu omi odò náà.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún kà á. Ìjọba tó ń pe àlejò wá síbi odò ló ń sọ fún àlejò pé kó má mu nínú ẹ̀.

10/
Ẹ wá fi ara yín sípò àlejò. Ní Brazil, Oxum ni wọ́n ń pè é. Ní Cuba, Ochún. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e rékọjá òkun, àwọn ọmọ wọn ò sì jẹ́ kó sọnù. Ká ní ìyá kan tọ́jú owó fún ọdún mẹ́ta ní Salvador torí kó lè fojú kan odò yìí. Ó dé etí omi. Ó fẹ́ bu díẹ̀ mu, kó bọ́jú, kó rọ ìyókù sínú ìgò lọ sílé. Ẹ wá sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn ya fọ́tò."

11/
Ẹni tó bá mọ Ọ̀ṣun mọ̀ pé omi yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀. Tí ère bá ya, a lè pe àwọn ọmọ oníṣẹ́ ọnà kí wọ́n tún un mọ. Tí òrùlé ojúbọ bá jò, a lè kàn án. Tí omi bá bàjẹ́, ta la fẹ́ gbé iṣẹ́ ẹ̀ fún?

12/
Ìtàn àtẹ̀dó Òṣogbo pàápàá, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn dé etí odò yìí, wọ́n gé igi kan, igi náà wó sínú omi. Ohùn kan ké láti inú odò pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Wọ́n bẹ̀bẹ̀. Wọ́n bá odò dá májẹ̀mú: wọ́n á bọ̀wọ̀ fún un, òun náà á dáàbò bo ìlú. Ẹja tí odò fi ránṣẹ́, tí ọba tẹ́wọ́ gbà, ni wọ́n fi ń pe ọba ibẹ̀ ní Àtáọ́ja dòní.

13/
Ṣé ẹ rí i? Ẹjọ́ àkọ́kọ́ nínú ìtàn ìlú yẹn, ẹjọ́ pé wọ́n ba nǹkan odò jẹ́ ni. Igi kan ṣoṣo ló wó! Lónìí katapílà ń hú etí omi lókè odò, àwa ń jà lórí ta ni wọ́n máa kọ orúkọ ẹ̀ tóbi jù lára bánà.

14/
"Ta wá ni ẹ̀bi ẹ̀?" Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ní òfin Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, wúrà wà lára ẹ̀. Ní òfin ilẹ̀ ọdún 1978, gómìnà ló ń mójú tó ilẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun fúnra ẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní NCMM ló ń bójú tó o. Ààfin àti àwọn àwòrò ló ni ọdún. Ìpínlẹ̀ ń polówó. Orísun odò sì wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn.

15/
Nítorí náà, bí ẹ bá bi Abẹ́òkúta léèrè... àṣìpè ni o, mo mọ̀, Abẹ́òkúta ò sí nínú ẹjọ́ yìí, ó kàn ku kí wọ́n tì í sọ́dọ̀ wọn náà ni 😂. Ìpínlẹ̀ á ní Abuja ló ni wúrà. Abuja á ní àwọn ará ibẹ̀ ló mọ ẹni tó ń wà á. Ará ibẹ̀ á ní ẹni ńlá ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Odò ti di ọmọ gbogbo ayé tí ẹnikẹ́ni ò wẹ̀.

16/
Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ìwé ètò la ò ní. Nígbà tí UNESCO gba igbó náà wọlé, ìwé ètò ìṣàkóso ti wà nílẹ̀, ti ọdún 2004 sí 2009. A mọ ètò kọ dáadáa! Wàhálà ibẹ̀ ni pé ètò tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà igbó ò lè dá ẹrẹ̀ tó ń bọ̀ láti ibi tó jìnnà dúró. Omi ò mọ ààlà hẹ́kítà 75.

17/
Àwọn àgbà ní odò tó bá gbàgbé orísun ẹ̀ á gbẹ. Tiwa yìí yàtọ̀ o. Odò ò gbàgbé orísun. Àwa tá a jókòó sísàlẹ̀ odò, tá à ń fi í pawó, la gbàgbé.

18/
Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ n dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀rọ̀ òrìṣà nìyẹn, èmi ò sí níbẹ̀." Kò burú. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń bomi rin létí odò yẹn, ṣé òrìṣà nìkan ló ń jẹ ẹ́? Ẹja ńkọ́? Kànga tó wà nítòsí? Lẹ́mọ́mù ń mumi, pásítọ̀ ń mumi. Májèlé ò ní bi yín léèrè ẹ̀sìn yín kó tó wọ inú yín.

19/
"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ polówó, ìyókù á tẹ̀lé e." Rárá o. Ẹni tó bá tara ìpolówó wa, tó bá ìdọ̀tí pàdé, ò ní padà wá, á sì sọ fún ogún èèyàn. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ilé ná, kẹ́ ẹ tó pe àlejò wá sínú ẹ̀.

20/
"Àwọn ọmọ tó ń wa wúrà yẹn ńkọ́? Kí ni kí wọ́n jẹ?" Èyí ni ìbéèrè tó nípọn jù. Ẹni tó bá fi sọ́jà nìkan dáhùn ẹ̀ ò tíì ronú. Ẹ lé wọn lónìí, wọ́n á padà lọ́la, torí ebi ò gbọ́ ìkìlọ̀.

21/
Ẹ wò ó. Ọmọ ọdún méjìlélógún kan wà ní abúlé kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Lọ́dọọdún, òkìkí Òṣogbo ń kàn nítorí omi tó gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá. Hòtẹ́ẹ̀lì ń kún. Onígbọ̀wọ́ ń tajà. Kọ́bọ̀ kan ò dé abúlé tiẹ̀. Wúrà nìkan ló ń fún un lówó lọ́wọ́. Kí ló máa mú kó ṣàánú odò?

22/
Ibí gan-an ni ètò tòótọ́ ti bẹ̀rẹ̀ fún mi: owó ìsàlẹ̀ odò gbọ́dọ̀ dé òkè odò. Ẹni tó bá ń jẹ lára odò tó mọ́ ló máa dúró ṣọ́ ọ. Ìyókù, ìwàásù ni.

23/
Ẹnì kan á ní, "Ilẹ̀ adúláwọ̀ ò lè ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀." Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ wa níbí, Olómìnira Benin. Ní 2016 ni ìjọba wọn gbé ètò kan jáde tí wọ́n ń pè ní Bénin Révélé, wọ́n sì fi ìrìn-àjò afẹ́ sí ara ohun tí wọ́n máa fi gbé ọrọ̀ ajé wọn dìde. Ní 2021, wọ́n gba ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Abomey 26 padà lọ́wọ́ Faransé. Ọjọ́ 10 oṣù kìíní tí wọ́n ti ń ṣe ọdún Vodun látọjọ́ pípẹ́, wọ́n sọ ọ́ di Vodun Days ní Ouidah ní 2024.

24/
Mi ò sọ pé tiwọn ò lábùkù. Ọ̀rọ̀ wà láti bi wọ́n nípa ẹni tó ń jèrè níbẹ̀ àti ohun tí ayẹyẹ ńlá ń sọ ẹ̀sìn dà. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n so nǹkan pọ̀ mọ́ra: ọjọ́ ọdún, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ìwé ìrìnnà, ọ̀nà. Àwa ń tún bẹ̀rẹ̀ látorí òdo ní gbogbo oṣù keje.

25/
Ìgbà kan wà tí Òṣogbo náà ò dúró de oṣù kẹjọ. Ní 1962, Dúró Ládipọ̀ ṣí Mbari Mbayo sílùú yẹn. Eré orí ìtàgé, àwòrán, iṣẹ́ ọnà. Láàárín àkókò yẹn làwọn bíi Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami jáde, tí gbogbo ayé sì mọ̀ wọ́n. Ìlú aró ni Òṣogbo. Iṣẹ́ aró àti ọnà, oṣù méjìlá ló ní lọ́dún.

26/
Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí n kọ ètò yìí, ojú ìwé kan ló máa jẹ́. Ohun mẹ́fà.

Àkọ́kọ́, omi. Kí wọ́n máa yẹ omi odò wò lóṣooṣù, láti Ìgèdè dé Òṣogbo, kí wọ́n sì lẹ èsì mọ́ ẹnu ọ̀nà igbó àti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá dáa, ká rí i. Tí ò bá dáa, ká rí i.

27/
Ìkejì, àpótí owó òkè odò. Nínú owó ẹnu ọ̀nà àti owó onígbọ̀wọ́, kí ìdá kan tí gbogbo ayé mọ iye ẹ̀ máa lọ sáwọn abúlé tí odò gbà kọjá: fún àwọn ọ̀dọ́ tó máa ṣọ́ etí omi, tó máa gbin igi padà, tó máa kọ́ṣẹ́ mìíràn.

Ìkẹta, ìṣirò. Èèyàn mélòó ló wá? Wọ́n sùn mélòó? Kí ni wọ́n rà? Láìsí ìyẹn, iye tí wọ́n ń kà lórí pèpéle, afẹ́fẹ́ ni.

28/
Ìkẹrin, rìsíìtì. Mo ti lọ síbi ìgbafẹ́ kan nílẹ̀ Yorùbá, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, tí mo sanwó lẹ́nu ọ̀nà, mo sanwó kámẹ́rà, mo tún sanwó fẹ́nì kan tó ní òun ni amọ̀nà. Kò sí rìsíìtì kankan. Amọ̀nà yẹn ò mọ ọdún tí wọ́n kọ́ ohunkóhun níbẹ̀. Owó tí ò ní rìsíìtì ò lè tún odò kankan ṣe.

29/
Ìkarùn-ún, oṣù mọ́kànlá yòókù. Ilé ẹ̀kọ́ aró fún àlejò, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fáwọn amọ̀nà, owó oṣù fáwọn tó ń tún ère ṣe kí iṣẹ́ náà má bàa bá àwọn àgbà wọnyẹn lọ sọ́run.

Ìkẹfà, ẹnu àwòrò. Kí wọ́n jẹ́ káwọn tó ni ẹ̀sìn sọ ibi tí kámẹ́rà ò gbọ́dọ̀ dé. Ọ̀rọ̀ tiwọn ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, kì í ṣe ti onígbọ̀wọ́.

30/
Ẹ wò ó, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ní ká kọ́ ilé aláràǹbarà. Ìdí nìyẹn tí wọn ò ṣe fẹ́ràn irú ètò yìí. Kò sí ríbọ́ọ̀nù tí èèyàn fẹ́ gé lórí àyẹ̀wò omi. Kò sí kọngílá tó máa sanra lórí ẹ̀.

31/
Ó kan àwa náà o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe fídíò, tẹ́ ẹ̀ ń fi filter sọ omi tó pọ́n di omi aró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ẹ ya odò bó ṣe rí. Fídíò tó bá fi ojú odò hàn gangan ni àwọn aláṣẹ máa bẹ̀rù. Èyí tó lẹ́wà, wọ́n á kàn tún un gbé sórí ojú ìwé tiwọn ni.

32/
Ìbéèrè mẹ́rin nìyí. Nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé pósítà ọdún jáde, lórí ojú ìwé ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìbú ẹnikẹ́ni:

Kí ni èsì àyẹ̀wò omi oṣù yìí?
Èló ni ẹ rí lọ́dún tó kọjá?
Èló ló dé òkè odò?
Kí lẹ máa ṣe ní oṣù kẹsàn-án?

33/
Ẹnì kan bá béèrè, wọ́n á bù ú lẹ́nu pa mọ́. Ẹgbẹ̀rún kan bá béèrè, wọ́n á wá ẹni tó máa dáhùn. Tí mo bá dé Òṣogbo lọ́jọ́ kan tí àwòrò gbé igbá omi fún mi, mo fẹ́ gbà á, kí n mu ún, láìkọ́kọ́ wo àwọ̀ ẹ̀. Kò tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ lohun tí mò ń béèrè. Ẹ dà á kọ, ẹ pín in.